Oṣù mẹ́jọ lórí géèmù ayò ọlọ́pọ́n, ó ṣì "kù díẹ̀": ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù l'Ékòó, ẹ gbà mí

ỌmọṢómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣómólú ni mò ń gbé, láàárín àwọn onítẹ̀wé, kóòdù ni mo sì ń kọ jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọdá lọ sí Marina. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ni mí lára: fọ́ọ̀mù, ìṣirò owó, kí ọ̀gá ní kí bọ́tìnì yìí kúrò ní búlúù kó di àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe fúnra mi lálẹ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń kọ géèmù ayò ọlọ́pọ́n fún fóònù. Bàbá mi àgbà, tó gbé Ìsàlẹ̀ Èkó títí ó fi kú, ló kọ́ mi ní ayò. JavaScript, èdè kóòdù kan, ni mo fi kọ ọ́. Àwòrán ọpọ́n ti dùn-ún wò, ọmọ ayò ń dún kó-kó-kó bó ṣe ń bọ́ sínú ilé. Lóṣù kẹta mo sọ fún gbogbo ayé pé ó kù díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án la wà yìí.

Ẹ̀rọ náà kò gbọ́n. Bí mo bá ní kó wo ìgbésẹ̀ 6 síwájú, á ta bí òpè. Bí mo bá ní kó wo 12, fóònù á gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ojú rẹ̀ á sì dákẹ́ lọ gbári. Mo tún ní wàhálà orúkọ: ẹni tó bá fẹ́ ta á tẹ orúkọ rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè rántí iye tó ti jẹ. Ọ̀rẹ́ mi tẹ "Bọ́lá" lórí fóònù rẹ̀, ó tún tẹ "Bọ́lá" lórí láptọ́ọ̀pù mi, ẹ̀rọ ní èèyàn méjì ni. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, n kò rí ìyàtọ̀.

Ti iná, ẹ kò nílò àlàyé. Jẹ́ń kékeré ni mo ní, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí n ronú, owó epo sì ti bá ọ̀nà mìíràn lọ. Àkókò náà kò sí. Ọjọ́ tí mo bá lọ sí Marina, mo máa ń padà délé bí ẹni tí wọ́n lù.

Ẹni tó bá mọ èyí tí mo lè kọ́kọ́ mú, kó sọ fún mi.

ỌmọÌyáAkàrà

Ẹ̀gbọ́n, oṣù mẹ́jọ! Ẹ jẹ́ n bá yín ra ọpọ́n igi. Ìyẹn ti parí láti ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kò sì nílò iná.

Ẹ̀gbọ́nYaba

Ọmọ Ìyá Akàrà, jẹ́ ká gbọ́ràn.

Àbúrò, ká tó sọ̀rọ̀ ọgbọ́n ẹ̀rọ, kọ òfin tó o fi sínú rẹ̀ síbí. Má lẹ kóòdù o. Fẹnu sọ ọ́ bí ìgbà tó o ń kọ́ ọmọdé. Ogún ọdún lé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òfin tí èèyàn kò lè fẹnu sọ, irọ́ ló máa ń kọ sínú kóòdù.

ỌmọṢómólú

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ilé 12 ló wà, 6 lọ́dọ̀ mi, 6 lọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ọmọ 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Ẹni tó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ilé kan lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa gbìn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, yíká ọpọ́n. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ilé náà wá di 2 tàbí 3, ó jẹ ẹ́. Bí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń bọ̀, náà bá jẹ́ 2 tàbí 3, ó jẹ ìyẹn pẹ̀lú, títí yóò fi kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló pa ẹnìkejì. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ọ̀taAyò_Èbúté

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi kò mọ kóòdù. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe ní Ṣómólú kí n tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà tí à ń fọwọ́ to lẹ́tà òjé. Èbúté-Mẹ́ta ni mo wà báyìí. Ṣùgbọ́n ayò, mo mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi, òfin rẹ kò pé. Bí ọmọ inú ilé bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó o bá gbìn ín yíká tó o padà kan ilé tó o ti kó o, o kò gbọdọ̀ fi ọmọ síbẹ̀. Fò ó, kó ṣófo. Ilé tó kún bẹ́ẹ̀ la ń pè ní odù, odù sì ni ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, fi ń pa òpè. Bó o bá ju ọmọ kan ṣoṣo sínú ilé yẹn, gbogbo ohun tí ọ̀ta ti kà sílẹ̀ á yẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, kò ní bọ́ síbi tó fẹ́ mọ́. Ìdí tí ẹ̀rọ rẹ fi ń jẹ níbi tí kò yẹ nìyẹn, bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Bí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bá ṣófo pátápátá tó sì kàn ọ́, èyí tó máa fún un lọ́mọ ni kó o ta, bó bá wà lọ́wọ́ rẹ. A kì í fi ebi pa ẹni tí a jọ jókòó sídìí ọpọ́n.

Wọ́n tún máa ń jà lórí bí ìgbésẹ̀ kan bá fẹ́ kó gbogbo ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnìkejì tán pátá. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ ta á rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, yóò ta á, ṣùgbọ́n kò ní jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Fi méjèèjì sí i kí kálukú yan tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á bú ọ. Èyí tí àwọn ọmọdé ń ta, tí wọ́n á tún kó ọmọ inú ilé tí tìkẹyìn bọ́ sí, tí wọ́n á tún máa gbìn ín lọ, ayò mìíràn nìyẹn. Má pò wọ́n pọ̀.

Ẹ̀gbọ́nYaba

Ẹ ṣeun, Bàbá. Àbúrò, lọ wo ìlà tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé tó kàn, níbi tó o ti kọ `(i + 1) % 12`. Mo lè fi owó lé e pé ibẹ̀ ni.

Ó wá ku ìyára. Ìgbésẹ̀ tí èèyàn lè yàn kò ju 6 lọ nígbà kan. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ wo 12 síwájú láìfo ọ̀kankan, 6 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá nìyẹn: 2,176,782,336. Fóònù wo ló fẹ́ ka ìyẹn tán kí ẹni tó ń ta tó sùn lọ? Alpha-beta ni kó o fi sí i, ọgbọ́n tí ẹ̀rọ fi ń fo ìgbésẹ̀ tí kò lè wúlò mọ́. Ẹni tó bá ti nájà rí ní Mile 12 mọ ọgbọ́n rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ta apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan fún mi ní iye báyìí. Mo dé ìsọ̀ kejì, ẹni yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti búra pé òun kò ní wálẹ̀. Ṣé n óò tún dúró ka tòmátì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni? Mo ti kọjá. Bó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ tó dára jù lò ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà gbogbo, bílíọ̀nù méjì yẹn á já sí nǹkan bíi 93,000. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó dára jù kó tó wò ó, ṣùgbọ́n bó o bá ń kọ́kọ́ wo èyí tó máa jẹ ọmọ, o ò ní jìnnà sí i.

Má máa ṣe ẹ̀dà ọpọ́n ní gbogbo ìgbésẹ̀, òun ló ń jẹ mẹ́mórì. Array kan tó ní nọ́ńbà 12 ti tó: ta á, wò ó, dá a padà bó ṣe wà. Gbé ìrònú náà lọ sínú Web Worker, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀, kí ojú fóònù má baà dákẹ́. Má sì sọ fún un pé kó wo 12. Fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: kó wo 1, kó wo 2, kó wo 3, bí àkókò bá pé, kó ta èyí tó dára jù tó ti rí. Fóònù olówó gọbọi á wo jìnnà, ti mẹ̀kúnnù á wo níwọ̀n, kò sí èyí tó máa gbóná. Rántí pé eré lè máa yí po láì parí bí ọmọ bá ti kù díẹ̀. Tọ́jú ipò tí ẹ ti gbà kọjá, bí ìkan bá padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, kí kálukú kó èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi. Bí ọmọ tó kù lórí ọpọ́n bá jẹ́ 8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wà nínú ilé 12 jẹ́ 125,970 péré. Láptọ́ọ̀pù rẹ lè ṣírò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó o tọ́jú èsì ìkọ̀ọ̀kan sí byte kan. Fáìlì náà kò ní tó fọ́tò kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí eré bá ti dé ọmọ 8, ẹ̀rọ rẹ ò ronú mọ́, ó kàn ń wo ìwé ni.

Ní ọdún 2002, àwọn méjì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, kó kọ̀ǹpútà jọ, wọ́n sì ṣírò irú ayò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Awari ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Èsì wọn ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣi ta, ọ̀mì ni.

Ọ̀taAyò_Èbúté

Wọ́n kó kọ̀ǹpútà jọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀mì ni? Ẹ bá mi kí wọn.

ÌyáÌbejì_Àkọkà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Ọ̀rọ̀ Bọ́lá méjì yẹn, ó ti jẹ mí níyà rí. Iṣẹ́ tèmi ni kíkó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún kọ̀ǹpútà, mo sì mọ ibi tí òwú ti lọ́.

Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. "ọ" ní tirẹ̀, U+1ECD. "ẹ" jẹ́ U+1EB9, "ṣ" jẹ́ U+1E63. "ó" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọ́", "ọ̀", "ẹ́", "ẹ̀", kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ìkankan nínú wọn. Àkópọ̀ ni wọ́n. Fóònù kan lè mú "ọ" kó gbé àmì òkè, U+0301, lé e lórí. Ẹ̀rọ mìíràn lè mú "ó" kó fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i nídìí. Òmíràn á mú "o" lásán, á to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú èmi àti ìwọ, ọ́ ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ará ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìlà kan ló máa wò ó sàn: `oruko.normalize("NFC")`. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di U+1ECD tí U+0301 tẹ̀ lé. Ṣe é nígbà tí orúkọ bá ń wọlé, kó tó dé inú ibi ìpamọ́ rárá. Àwọn tó ń dúró dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi wé ara wọn, wọ́n máa ń gbàgbé níbì kan, mo mọ̀ torí èmi náà gbàgbé.

Ẹnìkan á wá sọ fún ọ pé kó o kúkú yọ gbogbo àmì dànù kí wíwá lè rọrùn. Má dá a lóhùn. Géèmù tìrẹ gan-an ń jẹ́ ayò. Yọ àmì dànù, ayò àti ayọ̀ di ọ̀kan. Ọkọ tí mo fẹ́, ọkọ̀ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi roko, gbogbo wọn á di "oko", oko tí wọ́n ti roko náà á sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wá èyí tó bá a mu pátápátá. Bí kò bá rí i, kó yọ àmì ohùn nìkan (U+0300, U+0301, U+0304), kó fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá tún sí, ìgbà náà ló tó lè yọ ti ìsàlẹ̀, kó wá bi ẹni náà pé, "Ṣé Bọ́lá lo ní lọ́kàn?"

Ìkìlọ̀ méjì kí n tó lọ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ. Bó o bá ní kí orúkọ má ju lẹ́tà 10 lọ, mọ̀ pé JavaScript ń ka "ọ́" sí 2. Mo ti rí áàpù tó gé orí orúkọ èèyàn sọnù bẹ́ẹ̀. Bó o bá sì lo `sort()` lásán, gbogbo Ẹniọlá àti Ọláyínká á bọ́ sẹ́yìn Yẹmí, nítorí nọ́ńbà tiwọn ga. Kọ ètò álífábẹ́ẹ̀tì wa, lẹ́tà 25, sílẹ̀ fún un fúnra rẹ, má sì gbàgbé pé lẹ́tà kan ni "gb".

Ọ̀taAyò_Èbúté

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìgbà tiwa, bí lẹ́tà tó ní àmì bá tán nínú àpótí, èyí tí kò lámì la ń fi sí i, onítọ̀hún á sì rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìpè ìyàwó, á pariwo dé ọjà. N kò mọ̀ pé ẹ ṣì ń bá a yí.

Wáyà_Bàrígà

Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n inú kọ̀ǹpútà, ẹ ti gbàgbé pé ẹ̀rọ tí kò bá tàn kò lè ṣírò 125,970. Ẹ jẹ́ n bá bọ̀dá wa sọ ti iná.

Ẹ̀gbọ́n, tí jẹ́ń yẹn bá wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá tàbí ní kọ́rídọ̀, ẹ gbé e kúrò lónìí, kì í ṣe lọ́la. Èéfín rẹ̀ kì í rùn tó bó ṣe ń pani tó. Lẹ́yìn náà, ẹ tà á.

Ẹ ra bátìrì 12V kan, 200Ah. 12 lọ́nà 200 jẹ́ wáàtì-wákàtí 2,400. Bó bá jẹ́ olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ẹ má lò ó kọjá ìdajì, bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́: 1,200 ló kù. Ínfátà náà á jẹ nínú rẹ̀, ẹ fi sí 1,000. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 60, fáànù 50, ráúta 10. Àpapọ̀ 120. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn, ó tó láti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí ẹ bá ki áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù bọ̀ ọ́, ẹ má fi orúkọ mi búra. Lítíọ́ọ̀mù dára jù, ẹ lè lò ó jìnnà kọjá ìdajì, àmọ́ owó rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Mo ra bátìrì kan lọ́wọ́ ẹnìkan lọ́dún tó kọjá, ó ní "tuntun láti inú páálí." Páálí ló jẹ́ tuntun. Ẹ mú ẹni tó ní mítà dání, ẹ ní kí wọ́n gbé iná lé e lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Bí owó kò bá tíì tó, ẹ kọ́kọ́ ra bátìrì kékeré 12V tó wà fún ráúta nìkan. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, ráúta ni kò ní.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí mo fi ń ṣeré, torí gbogbo yín ti sọ tiyín. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí NẸ́PÀ ń mú iná wá gan-an. Mo ki ṣájà fóònù àtijọ́ kan sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò gba inú ínfátà kọjá. 5V ló ń mú jáde bí iná bá wà. ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tí mo fi ń ṣọ́ ọ, kò fẹ́ ju 3.3V lọ, torí náà mo fi resistor 10k àti 20k pín in, ó wálẹ̀ sí 3.3V. Bátìrì ló ń gbé ESP32 náà ró, kó má baà kú nígbà tí iná bá lọ. Iná dé, ó kọ àkókò sílẹ̀. Iná lọ, ó kọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà 230V fúnra rẹ̀ o, ṣájà ló ń dáàbò bò yín. Lẹ́yìn oṣù kan, mo ti mọ̀ pé ní òpópónà tiwa, òru ló máa ń wà jù, láàárín agogo 1 sí 4. Ìgbà náà ni mo ń gba àwọn fáìlì ńlá wálẹ̀. Ìyàwó mi ní mo ti di ẹ̀mí òru.

ÀlejòSurulérè

Mo fẹ́ fi kún ti Wáyà. Ẹ má kọ géèmù tí kò lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE, SAT-3. Mo jókòó sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé tí mo nílò láti fi ṣiṣẹ́ wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ayò sì rèé, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní òkèèrè?

Ti àkókò, èmi náà ń gba Third Mainland lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kìlómítà 11.8 ni afárá náà, ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè gba wákàtí méjì. Mo ti gbìyànjú láti kọ kóòdù nínú bọ́ọ̀sì, kò wọlé, ojú mi sì wà lára ẹni tó ń wo láptọ́ọ̀pù mi ju kóòdù lọ. Ìwé kékeré àti bírò ni mo ń lò báyìí. Mo máa ń fi ọwọ́ ya ohun tí mo fẹ́ ṣe, ọ̀kan péré, tí bọ́ọ̀sì bá ti ń fà tìkọ̀ níbi Adéníji. Bí mo bá délé, n kò ronú mọ́, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ní ti alẹ́ lẹ́yìn Marina, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ sùn. Kóòdù tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ń pa á rẹ́.

ỌmọÌyáAkàrà

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, ẹ kúkú fi iṣẹ́ Marina sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbájú mọ́ géèmù. Wọ́n ń pa owó nídìí géèmù o.

ÌyáÌbejì_Àkọkà

Ta ló máa san owó ilé fún un, ìwọ? Ọ̀dọ́mọkùnrin, má gbọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà ló jẹ́ kí ayò ṣì dùn mọ́ ọ. Kó o sì máa dìde nídìí àga. Ọkọ mi náà ń kọ kóòdù, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kọ ọ́ fún ọdún méjì, oníṣègùn egungun ló ń gba owó rẹ̀ báyìí. Ra tábìlì. Tábìlì ṣáájú ínfátà.

Wáyà_Bàrígà

Ínfátà ṣáájú tábìlì, ma. Ṣùgbọ́n mo gbà.

Ọ̀taAyò_Èbúté

Ọmọ Ṣómólú, bó o bá ti tún òfin yẹn ṣe, gbé ẹ̀rọ rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Abẹ́ igi fúrúùtù la máa ń jókòó sí. Ọmọ mi á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀.

ỌmọṢómólú

Ẹ kú àtijọ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Ìlà tí Ẹ̀gbọ́n Yaba sọ ni. Mo fi `if (i === ibere) continue;` sí i kó máa fo ilé tó ti gbéra, àṣìṣe tí mo ti ń wá láti oṣù karùn-ún lọ. Alpha-beta ti wà níbẹ̀, fóònù kò gbóná mọ́. Bọ́lá ti di ẹnìkan ṣoṣo. Mo ra bátìrì ráúta, mo sì ń fi owó bátìrì ńlá pamọ́ díẹ̀díẹ̀. (Ìyá Ìbejì, mo ra tábìlì tokunbọ̀ kan. Ẹsẹ̀ kan kúrú, páálí wà lábẹ́ rẹ̀.)

Mo gbé e lọ sí Èbúté-Mẹ́ta, mo ń fọ́nnu nínú ọkàn mi. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n bá a ta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n pa á. Ẹ gbọ́ bí Bàbá ṣe ṣe é. Wọ́n kó ọmọ jọ sínú ilé kejì láti apá òsì wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án títí ó fi di 19. Ẹ̀rọ mi ń jẹ méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ó rò pé òun ń borí. Nígbà tí ilé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gbẹ tán, Bàbá kó 19 yẹn. Ó yí ọpọ́n ká, ó fo ilé tó ti gbéra, ó tún wọ ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì. Ilé tó ti ṣófo gba ọmọ kan ní ìrìn àkọ́kọ́, ó gba ọ̀kan ní ìrìn kejì, ó di 2. Ilé mẹ́rin tẹ̀ léra, ọmọ 8, ẹ̀ẹ̀kan náà. Ìdí ni pé iye tí kálukú ti jẹ nìkan ni mo ní kí ẹ̀rọ máa kà. Kò mọ̀ pé ilé tó kún, ìbọn ni. Mo ti fi kún un báyìí pé bí ilé kan bá ti kọjá 12, kó bẹ̀rù rẹ̀ bó bá jẹ́ ti ẹnìkejì, kó sì ṣọ́ ọ bó bá jẹ́ tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pa wọ́n mẹ́ta nínú mẹ́fà.

Àmọ́ ẹ̀sùn tí gbogbo wọn fi kàn án kò kan ọgbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kì í sọ̀rọ̀. Bàbá kan ní ta ló ń ta ayò láìsí ẹ̀fẹ̀, pé ṣe ló dà bíi pé òun ń bá òkú ta. Torí náà, iṣẹ́ kan ló kù: ẹ bá mi kó ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ á máa sọ bó bá jẹ ọmọ, àti èyí tó máa sọ bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ẹ má kọ èébú gidi o, àwọn ọmọdé á ta á.

ỌmọÌyáAkàrà

Bó bá jẹ: "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló gùn." Bí wọ́n bá jẹ ẹ́: "Mo fi ta yín lọ́rẹ ni."

Wáyà_Bàrígà

Bó bá ń ronú pẹ́: "Ẹ ní sùúrù, NẸ́PÀ ló mú iná lọ."

Ọ̀taAyò_Èbúté

Bó bá fi odù jẹ: "Òpè, ó ti wà níwájú rẹ látàárọ̀." Bó bá fẹ́ pa èèyàn: "Òpè, lọ pe bàbá rẹ wá." Bí ó bá jẹ́ ọ̀mì: "Òpè méjì pàdé."

ÌyáÌbejì_Àkọkà

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àǹtí tó ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n ṣọ́ àmì o. Nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, "ọ̀pẹ" ni wọ́n kọ níbi gbogbo.

Ọ̀taAyò_Èbúté

Ó ní fóònù ló yí i padà. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀rọ bá pa lẹ́ẹ̀mẹta mọ̀ pé igi ni òun.